Èmi Tí Kúrúnà Kò Gbọdọ̀ Mú

Òórùn imí ọjọ́ tí wọ́n pò mọ́ àdín, bí ó bá ti gba imú èèyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan, kì í jáde mọ́. Òórùn náà ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìwó lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ó wọ aṣọ ojú fèrèsé, ó wọ inú gààrí, ó tiẹ̀ wọ inú omi tí à ń mu. Bí o bá gba ojúde wa kọjá láàárọ̀, wàá rí àwọn ọmọ ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí àpótí, ara wọn ń dán bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò, ìyá wọn ń fi oògùn pa wọ́n lára, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń họra láàárín ẹkún náà. Kúrúnà ló wọlé wa. Mo mọ̀ pé ìwọ náà gbọ́ ọ nígbà yẹn, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ohun tí o kò gbọ́ ni bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti pinnu pé yóò bá mi wọ sàréè.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe àgbẹ̀ ní Olúpọ̀nnà ni mo lọ kí lákòókò ọyẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè rìn. Mo ní n ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sun mẹ́rin. Òtútù ibẹ̀ lọ́dún náà, àwọn adìyẹ ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Bí o kò bá gbà mí gbọ́, Olúpọ̀nnà ò jìnnà, lọ béèrè. Kúbùsù kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, àwa méjèèjì la sì jọ ń fi bora. Ó ń họra láti Iṣáì títí di Àsùbáà. Mo bi í pé kí ló ń jẹ ẹ́ lára. Ó ní, "Ooru ni." Ooru, nínú ọyẹ́. Èmi tí n kì í gba irọ́ ẹlòmíì gbọ́, mo gba ìyẹn gbọ́, torí pé kúbùsù náà móoru.

Mo padà sílé. Ìyá àwọn ọmọ, ìyàwó mi, ti lọ sí Ìbàdàn láti lọ wẹ ọmọ tuntun tí ọmọbìnrin wa bí, nítorí náà àwọn ọmọ ọmọ ti gba àyè rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n ń sùn mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mò ń pa ìtàn fún wọn. Oṣù kan kọjá kí ara mi tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ìka, ó lọ sí abẹ́ apá, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, bí ìgbà tí èèrà bá ń wá ọ̀nà ilé lábẹ́ awọ. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin mi, tó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo tó sì ń ti Ìwó lọ lójoojúmọ́, dé lọ́jọ́ kan, ó bi gbogbo ilé léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí. "Bàbá, ṣé ara ò yún yín?" Ibi tí mo ti ṣì í ṣe nìyẹn. Ojú ló tì mí. Sàfù àkọ́kọ́ ni mò ń dúró sí ní mọ́sáláṣí. Báwo ni n ó ṣe ní kúrúnà mú mi bí ọmọ ilé kéwú? Mo ní, "Èmi kẹ̀? Kúrúnà wo ló tó èmi mú?" Ibi tí ènìyàn bá gbọ́n, ibẹ̀ ni ìbá dákẹ́ sí. Mi ò dákẹ́. Mo ní nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, ọ̀nì kan gbé mi mì nínú odò Ọbà láàárọ̀, ó sì bì mí lọ́sàn-án nítorí pé mi ò yé sọ̀rọ̀ nínú ikùn rẹ̀. Mo ní itọ́ ọ̀nì náà ló sọ awọ mi di líle, láti ọjọ́ náà ẹ̀fọn ò jẹ mí, ìdun ò jẹ mí. Ẹnu àwọn ọmọ là sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá láti wá fọwọ́ kan apá mi. Bàbá wọn fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ sì ti jáde lẹ́nu àgbà. Bó bá ti jáde, kò ṣeé gbé mì.

Bí mo ṣe di ẹlẹ́wọ̀n nínú awọ ara mi nìyẹn. Ebi ṣeé pa mọ́ra lójú ènìyàn, ìbànújẹ́ ṣeé pa mọ́ra, gbèsè gan-an ṣeé fi ẹ̀rín bò. Yíyún tí o kò gbọdọ̀ họ, kò ṣeé fi nǹkan kan bò. Mo máa ń fi ṣùkù àgbàdo sínú àpò ṣòkòtò. Mo máa ń wọ ilé ìwẹ̀ lọ, n ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹni tó wà lóde á máa wúkọ́. Igi góbà tó wà lẹ́yìnkùlé wa, èèpo ara rẹ̀ bó tán lápá kan. Àwọn ará ilé ní ewúrẹ́ ni, mo bá wọn bú ewúrẹ́ náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wáàsí gùn, yíyún náà mú mi láàárín ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ ò dé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí èjìká mi díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ agbádá. Bàbá tó jókòó tì mí rò pé wáàsí ló wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Òun náà bú sẹ́kún.

Imí ọjọ́ ò ràn wá. Bí ara àwọn ọmọ bá balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, á tún bẹ̀rẹ̀ ní ìkejì. Ìgbà tí kò lọ ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó gbé e wá. Ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Kuta ni, aránṣọ ni. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí bàbá rẹ̀ rà fún un nígbà tó gba fìríìdọ̀mù. À ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ rẹ̀ ní, "Níbo gan-an ni nǹkan yìí ti wá?" Ojú gbogbo wọn ń lọ káàkiri, mo rí i pé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ni mo bá ní, "Aṣọ oníaṣọ tó ń wọlé tó ń jáde ńkọ́? Aṣọ kì í kúkú sọ ẹni tó wọ̀ ọ́." Bí ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Ìyàwó ọmọ mi gbé ojú sókè, ó wò mí, ó sì tún wo oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ náà jáde kúrò nílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ tí wọn ò tíì rán. Ìyá kan mú ọ̀rá dání wá, ó fi ìka méjì fa léèsì rẹ̀ jáde láàárín aṣọ bí ẹni ń fa òkú eku.

"Kì í ṣe pé mò ń sá fún ọ o, ìyá aránṣọ. Ojú ọjọ́ ni."

"Ojú ọjọ́ kẹ̀, Màmá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òjò fẹ́ rọ̀."

Oòrùn sì ń ràn bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún un. Mo jókòó lórí àga mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ka tẹ̀súbáà, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì wo àárín ìka àwọn ọmọ, ó fún wọn ní oògùn kan tó funfun bí omi ẹ̀kọ, ó sì fi òfin lé e. Gbogbo ilé lọ́jọ́ kan náà, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí kò yún. Kí wọ́n se aṣọ àti ohun ìbora, kí wọ́n sá a sóòrùn. Ó ní ẹni kan tí wọ́n bá fò, òun ni yóò dá a padà fún àwọn yòókù. Ọmọ mi kó wa jọ, ó ń sọ ọ́ fún wa. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní gbogbo ilé, ó wo ilẹ̀. Ìwọ náà mọ ìlú wa. Ọmọ wo ni yóò sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó bọ́ṣọ? Ìyàwó rẹ̀ ló kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò fún mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Wọ́n ní gbogbo wa."

"Ó dáa, ìyàwó. N ó fi pa ara, nítorí tiyín."

Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Má ṣe rò pé mi ò fi pa ara o. Mo fi pa á. Ibi tí mo ti họ bó, oògùn náà ta mí bí ata, mo gé fìlà mi jẹ kí n má baà ké. Ẹ̀yìn mi ni mi ò lè dé. Mo so àkísà mọ́ igi, kò dé ibẹ̀. Mo da oògùn sórí ọ̀rá, mo dùbúlẹ̀ lé e, mo ń yí bí ìjàpá tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, oògùn náà ṣàn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ bá mi pa ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì máa bá mi pa á gbọ́dọ̀ rí i. Aṣọ ìbora mi náà, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí i lára, mi ò lè kó o jáde kí wọ́n sè é. Mo ká a, mo tì í sẹ́yìn àpótí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi sinmi. Ní ìkẹta, àbíkẹ́yìn àwọn ọmọ tún ń họra. Ọmọ mi ò pariwo. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n ti sún àga rẹ̀ lọ sẹ́bàá fèrèsé lọ́tọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó kàn sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa. Mú àbíkẹ́yìn dání, kí o lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ ní Kuta títí ilé yìí á fi mọ́." Ìwọ náà mọ irú lílọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dání, kò lọ kí ènìyàn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ò sí nílé tí ìbá bá a bẹ̀bẹ̀. Èmi ló kù tí mo lè sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu mi, mo pa á dé.

Ní àárọ̀ Sátidé, kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró lójúde. Ìyàwó ọmọ mi ti tú orí ẹ̀rọ kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ó fi ìró wé e bí ọmọ tuntun. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá, mò ń lọ o. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló gbé e wọlé, ẹ forí jì mí. Ẹ ṣàdúà fún mi."

Mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì bí a ti ń ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà. Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, kó ṣọ́ ọ bọ̀. Ni mo rí i pé ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ mi. Àárín ìka mi ti rú, ó pọ́n, ó ti sé èépá. Afọ́jú á rí i. Èmi náà sì tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà. Ó wo ọwọ́ náà fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba, ó ní, "Àmín," ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú, ó dìde, ó sì lọ wọ kẹ̀kẹ́.

Àmín yẹn yún mi ju kúrúnà lọ. Mo dìde. Mo ní, "Ìyàwó, sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀." Mo bọ́ bùbá mi lójúde, nínú oòrùn àárọ̀, mo sì kọ ẹ̀yìn sí ọmọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wò ó dáadáa. Olúpọ̀nnà ni mo ti gbé e wá. Kì í ṣe aṣọ ẹnikẹ́ni."

Onímárúwá rọra ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ọmọ mi ní, "Bàbá, ọ̀nì yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Kò sí ọ̀nì kankan." Láti ìgbà tí mo ti ń pa ìtàn, òun nìkan ni mo tíì fi ẹnu ara mi gbà padà.

Ọmọ mi ló fi oògùn pa ẹ̀yìn mi lọ́jọ́ náà. Bí ọmọkùnrin bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ báyẹn ní ìlú tiwa, bàbá náà ti nà gbalaja, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ fún kàfáánì ni. Èmi wà láàyè, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọwọ́ rẹ̀ le níbẹ̀rẹ̀, ìbínú wà nínú rẹ̀. Ó rọ̀ nígbà tó dé ìsàlẹ̀. A se gbogbo aṣọ ilé nínú àgbá, a sá a dé orí òrùlé, a sì tún fi oògùn náà pa ara lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kúrúnà lọ, kò padà. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ bá àwọn oníbàárà lójúlé sí ojúlé, mo sọ fún wọn pé èmi ni. Àwọn kan padà wá. Ìyá oníléèsì ò padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ ti ń dún, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ìyàwó, o rí ọwọ́ mi lọ́jọ́ tí mò ń ṣàdúà fún ọ."

Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, Bàbá. Ṣé kì í ṣe èmi ni mò ń fọ aṣọ yín ni? Ẹ̀jẹ̀ ti wà lẹ́yìn jàlàbíà yín kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í họra."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ìgbà náà ló wá dá ẹ̀rọ dúró. Ó wò mí, kò sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀. "Ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún, Bàbá?"

Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, èmi ni mo ka ara mi sí ẹni tó há. Ènìyàn tí kò lè họra, mo rò pé kò sí ẹ̀wọ̀n tó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni kọ́kọ́rọ́ tèmi wà, ọjọ́ tó bá wù mí ni mo lè ṣí i. Òun mọ ilẹ̀kùn, ó mọ ẹni tó tì í, ó ń fọ ẹ̀rí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì sí ẹnì kan láyé tó lè sọ ọ́ fún, nítorí pé èmi ni àgbà. Ìwọ náà mọ̀ mí, kò sí ìbéèrè tí wọ́n bi mí rí tí mi ò fi ìtàn dáhùn. Èyí tó bi mí yẹn, mi ò tíì rí irọ́ tó tóbi tó o.