Ìlà Tí Hazel Thackray Ní Kí Wọ́n Má Yọ

Ó ti rẹ Hazel Thackray kí Shazia tó kan ilẹ̀kùn rárá. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, òjò Halifax ò sì dá láti ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe pé kò fẹ́ àlejò. Ìbéèrè tí àlejò ń gbé bọ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ní 1972 ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, àmọ́ ètò yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, torí àwọn arúgbó tó ń gbowó ò tíì tán. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ọ́fíìsì tí Shazia ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ tuntun. Ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni ò yé wọn, èyí tó ní kí ẹ̀rọ fi oókan kún Q6, ọ̀kan nínú àwọn àpótí tí ètò náà ń kó nọ́ńbà sí. Hazel fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má yọ ọ́. Ẹ bi Hazel." Wọ́n fi àkọsílẹ̀ igba òṣìṣẹ́ dán an wò láìsí ìlà náà, kò sí nǹkan tó yí padà. Ni wọ́n bá kúkú wá bi Hazel.

Hazel ò sì rántí. Ó sọ lórí fóònù pé yóò wá sóun lọ́kàn tó bá yá, irọ́ funfun báláú. Báyìí náà lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ó gbàgbé orúkọ lónìí, ó gbàgbé ọ̀nà ilé lọ́la, títí tó fi ń pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Hazel ti wá sọ Q6 di ìdánwò fún ara rẹ̀. Bóun bá rántí, orí òun ṣì pé. Bóun ò bá rántí ńkọ́? Kò fẹ́ parí ìyẹn.

Shazia gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì. Hazel ní kó gbé e kúrò jàre, bébà lòun fẹ́. Ó fa pẹ́nsùlù àti rúlà yọ, ó sì ń ṣàlàyé. Láyé ìgbà tiwọn, ẹ̀rọ kan ló ń gba odindi yàrá, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló sì ń gba iṣẹ́ ẹni. Wàá kọ ọ́ sórí bébà, àwọn ọmọbìnrin ìsàlẹ̀ á lu ihò rẹ̀ sára káàdì, ó di ọ̀la kóo tó gbọ́ èsì. Àmì kan ṣoṣo tóo bá gbàgbé, ọjọ́ yẹn ti ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi máa ń kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di ẹ̀rọ, yóò ya àpótí sórí bébà, yóò máa fi nọ́ńbà sínú wọn, yóò sì máa tẹ̀lé ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan láìméfò. Ó sọ ti ọjọ́ tí yìnyín gbé e ṣubú lẹ́nu géètì, tí ẹgbẹ̀rin káàdì fọ́n sínú yìnyín, tó ń ṣà wọ́n tó ń sunkún, tí ọlọ́dẹ fi bi í pé ta ló kú. Shazia rẹ́rìn-ín. Àárò ọjọ́ yẹn sọ Hazel gan-an, tòun ti ẹkún inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ju wákàtí méjì lọ. Tíì tutù, ẹ̀yìn ń ro ó, ó ń pa rẹ́, ó ń tún kọ. Q1 gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Q2 gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó dórí Q4, tó gba ọgbọ̀n, ó gbé pẹ́nsùlù kalẹ̀.

"Oṣù ni wọ́n," ló wí. "Oṣù kẹfà ni Q6. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní, ìlà yìí ló sọ ọ́ di mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ètò náà kì í gba ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ò bá sí lórí kàlẹ́ńdà. Shazia yára wá a lórí kọ̀ǹpútà bóyá ẹnikẹ́ni wà tí wọ́n kọ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹfà fún. Ẹnì kan péré ló jáde, Olha Hrynko, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ó ń gbé ní ìlú Todmorden nítòsí. Fáìlì rẹ̀ sọ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílùú, akọ̀wé kan ló ṣi ọjọ́ náà kọ fún un, gbogbo ìwé rẹ̀ sì ń gbé àṣìṣe yẹn kiri látìgbà náà.

"Ọjọ́ Ẹtì yìí la ò bá já màmá yìí sílẹ̀," ni Shazia wí. "Ọ̀rẹ́ yín ni, Ìyáàfin Thackray?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, ọmọ mi."

Shazia yí kọ̀ǹpútà sí i. Lẹ́tà àtijọ́ kan wà nínú fáìlì Olha, ọwọ́ Hazel fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: "Mo mọ obìnrin yìí dáadáa. Òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

Hazel kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ojú obìnrin náà títí nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀rù bà á, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rù náà hàn lójú rẹ̀.

"Orí mi ti ń lọ," ló wí jẹ́jẹ́. "Kọ ìdí ìlà yẹn sábẹ́ rẹ̀ báyìí, ẹ má bi mí mọ́."

Shazia kọ ọ́. Hazel wá ti abala bébà kan tó mọ́ sí i.

"Bá mi kọ orúkọ Olha sí ìyẹn náà, kóo kọ ibi tó ń gbé sí i. Kọ ọ́ gàdàgbà. Kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ mi ni."