Ohun Tí Oyèwọlé Sọ Nípa Ọláìtán

Ní Ìpọ̀nrí, ní ìlú Èkó, ní ọdún 1975, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti eré-ìje kẹ̀kẹ́, ọ̀dọ̀ Oyèwọlé ni wọ́n ń gbé e wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ ìbòrí páànù kan létí ọ̀nà tó lọ sí Costain. Òun náà ti gun kẹ̀kẹ́ ìje nígbà kan rí. Kò gba ipò kìíní rí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sí eré náà. Tó bá wo ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan péré níbi tó ti ń gun òkè, á sọ ibi tí agbára ẹni náà máa tán sí. Ọdún mẹ́ta léraléra ló ti pe orúkọ ẹni tó máa borí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ ọ̀hún ló sì ń jáde. Láti ìgbà náà, bí Oyèwọlé bá sọ nǹkan láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti gbọ́ ọ dé Mushin.

Ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, kì í dáhùn kíá. Á kọ́kọ́ fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á fi dákẹ́.

Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ni Ọláìtán. Oyèwọlé ló lọ mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó pé ọdún mẹ́tàdínlógún, òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun òkè tí èémí ò fi ní tán nínú èèyàn. Nígbà tí à ń wí yìí, Ọláìtán ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ti gbà á sínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń sanwó oṣù fún un pé kó ṣáà máa gun kẹ̀kẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará ilé ò tíì gbà pé òótọ́ ni.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ìje ńlá tó wáyé, èyí tó máa gbéra ní Costain, tó máa gba Ìkòròdú àti Ṣàgámù, tó sì máa parí sí Ìbàdàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, èèyàn kún ìdí iṣẹ́ Oyèwọlé. Tíṣà Jethro, tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Yaba, gbé ìwé kan dání tó lẹ gbogbo ìròyìn eré kẹ̀kẹ́ tó gé nínú ìwé ìròyìn mọ́. Yẹ̀kínnì, bíríkìlà tó ń gbé ní Mushin, jókòó lórí táyà kan. Mabel náà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù Ìdí-Àràbà. Ó ní táyà kẹ̀kẹ́ òun ló jò, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ̀ pé òun àti Ọláìtán ń fẹ́ra.

“Mùktárù ló máa borí,” Yẹ̀kínnì wí. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ará Kánò ló ń sọ. “Ẹ ò rí itan ọkùnrin yẹn ni? Bí odó! Wọ́n ní ó gun kẹ̀kẹ́ láti Kánò dé Zaria, kò mu ju ife omi méjì lọ.”

“Ta ló bá ẹ ka ife ọ̀hún?” Mabel bi í, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Jethro ṣí ìwé rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ilẹ̀ Kánò tẹ́jú. Ọ̀nà Ìbàdàn ò tẹ́jú. Tí wọ́n bá ti kọjá Ṣàgámù, òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ta ló ń gun òkè bí Ọláìtán? Nínú ìje Abẹ́òkúta lọ́dún tó kọjá, gbogbo òkè ló ti ṣáájú wọn dé.”

“Ta ló wá gba ipò kìíní?” Yẹ̀kínnì bi í.

Jethro wo ìwé rẹ̀. “Mùktárù.”

“Ẹ ti rí i! Ẹni tó ṣáájú dé orí òkè, báwo ló ṣe ń kẹ́yìn tí wọ́n bá fi máa dé ìsàlẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ni wọ́n bá yíjú sí Oyèwọlé.

Oyèwọlé mọ̀ ọ́n. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun àti Ọláìtán jókòó sábẹ́ igi kan nítòsí afárá Màjídùn, wọ́n ń sinmi, ni ọmọkùnrin náà bá sọ fún un pé láti ìgbà tí lọ́rì kan ti òun sínú kòtò níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ọwọ́ òun á ti di búréèkì mú kí òun tó mọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó má jáde lẹ́nu yín. Tí àwọn yòókù bá mọ̀, ó parí fún mi nìyẹn.” Oyèwọlé sì dá a lóhùn pé, “Ta ni màá sọ ọ́ fún?”

Ó lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó lè ní kí Mabel gbé táyà rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti dákẹ́, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán.

“Ẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bà á,” ó ní. “Tó bá ti kù díẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀, búréèkì ló máa ń dì mú. Ẹni tó bá ní sùúrù títí di orí òkè, kó wá já a sílẹ̀ níbẹ̀, Ọláìtán ò lè bá a mọ́ láéláé. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Mùktárù ni.”

Yẹ̀kínnì pàtẹ́wọ́. Jethro yọ bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mabel dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ọláìtán ló ní kí ẹ máa sọ ìyẹn?”

“Eré là ń ṣe, Mabel.”

Mabel yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń tì í lọ nínú oòrùn pẹ̀lú táyà tó ti rọ̀ pátápátá.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ń pè é ní Ọláìtán Búréèkì láti Ìpọ̀nrí dé Ojúẹlẹ́gba. Oyèwọlé gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan tó wá ra ṣéènì. Ní Ọjọ́rú, Ọláìtán fúnra rẹ̀ dé. Ó kí i dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní kó bá òun wo kẹ̀kẹ́ náà fún ìgbà ìkẹyìn kí ìje tó dé. Oyèwọlé tú ṣéènì, ó fi epo sí i, ó na àwọn sípóòkù. Ọláìtán dúró lórí rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Òjò tó rọ̀ lánàá ni Oyèwọlé ń sọ ní tirẹ̀, bó ṣe ba ọ̀nà Ìjọrà jẹ́.

“Rọ́bà búréèkì yìí ti jẹ,” ó ní níkẹyìn. “Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀?”

“Ẹ fi í sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní lò ó.”

Oyèwọlé gbé ojú sókè. Ohun tí ọmọkùnrin náà sọ yé e yékéyéké. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe máa dá sí ọ̀rọ̀ náà tí kò ní kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹni tó tú àṣírí. Ìtìjú mú un. Ó pa ẹnu dé, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ náà lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìje pé, ó lọ dúró ní Costain, ó rí wọn tí wọ́n gbéra lówùúrọ̀. Ó padà sí ìdí iṣẹ́, kò lè ṣe nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ni Yẹ̀kínnì dé. Òun àti àwọn kan ló háyà ọkọ̀, wọ́n tẹ̀ lé ìje náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ìperu, Ẹ̀gbọ́n. Ọláìtán ló ṣáájú dé orí òkè. Mùktárù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dúró dè é kó fa búréèkì. Kò fà á. Ó dorí kọ ìsàlẹ̀, ó sáré lọ. Èmi tí mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó borí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ wa ò lè bá a. Ó kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà yà, yanrìn wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ yọ̀, ó sì gbé e ṣubú.” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Mùktárù dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé orí Ọláìtán lé itan ara rẹ̀ títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó gbé e.”

Egungun ìbàdí ló dá. Wọ́n gbé e wá sí Ìdí-Àràbà, ó sì lo oṣù mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Oyèwọlé ń ra ọsàn lọ kí i. Ọláìtán á kí i, á béèrè iṣẹ́, á dúpẹ́ ọsàn. Bí Mabel bá wà lẹ́nu iṣẹ́, á kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò ní wo ojú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Oyèwọlé ń múra ohun tó máa sọ láti ilé, tó ń dé ibẹ̀, tó ń bó ọsàn, tó sì ń padà láìsọ ọ́.

Ẹsẹ̀ òsì Ọláìtán kúrú ju ọ̀tún lọ nígbà tó dìde. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ fi lẹ́tà ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí i. Òun àti Mabel ṣègbéyàwó, wọ́n kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ìpọ̀nrí, àwọn olólùfẹ́ eré kẹ̀kẹ́ ṣì ń wá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń bi Oyèwọlé pé ta ni yóò borí lọ́dún yìí. “Mi ò mọ̀,” ló máa ń sọ. Nígbà tó yá, wọ́n kó àríyànjiyàn wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé Jethro ní Yaba.

Ní ọdún 1979, ìyá Ọláìtán kú, Oyèwọlé sì lọ sílé fún ìsìnkú. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Ọláìtán nìkan ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni ó bá sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti Màjídùn títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, kò fi nǹkan kan bò.

Ọláìtán jẹ́ kó sọ ọ́ tán. “Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Mabel wá bá mi tààrà ni. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ó kọjá. Ọjọ́rú yẹn ni kò kọjá. Mo dúró lórí yín bíi wákàtí kan, mo ń retí kí ẹ sọ pé, ‘Ọláìtán, má ṣe é.’ Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, ǹ bá gbọ́ tiyín.”

“Ojú ló tì mí.”

“Mo mọ̀.”

Mabel gbé oúnjẹ wá, wọ́n jọ jẹun. Lẹ́yìn náà Ọláìtán sìn ín lọ sí gáréèjì. Oyèwọlé ní kó má ṣe wàhálà, ó ní ọ̀nà náà jìn fún un, ṣùgbọ́n ó kọ̀, ó ń tiro lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ilé ìyá rẹ̀ tí páànù rẹ̀ ń jò. Nígbà tí mọ́tò kún, Ọláìtán bá a ti ìlẹ̀kùn, ó sì juwọ́ sí i.

Oyèwọlé ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ nílé náà. Kì í sùn ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀.