Àwo Àmánà

Omi ọṣẹ ń kán láti etí àwo orin dúdú náà sínú abọ́ tánganran, ṣùgbọ́n Baba kò jẹ́ kí ó ta sí bébà pupa àárín rẹ̀. Àkísà fúgù ni wọ́n fi ń nù ún jẹ́jẹ́, yípo yípo, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ọyẹ́ ti mú. Eruku Sakasaka, àdúgbò wa, ti wọ inú ohun gbogbo. Èmi jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò, mo di àpò àwo náà mú.

Baba kì í ṣe ìbátan wa. Fúgù, ẹ̀wù aṣọ híhun, ni wọ́n ń rán, yàrá wọn ló kọjú sí tiwa nínú agboolé. Àwọn àwo náà kì í sì í ṣe tiwọn. Ọ̀rẹ́ wọn kan, akọ̀wé tó fẹ́ràn orin tí rédíò kì í gbé, ló gbé páálí náà fún wọn lọ́dún tí ìjọba ilẹ̀ náà ní kí àwọn àlejò bíi tiwa tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ sílé. Baba ní ìwé, ọ̀rẹ́ wọn kò ní. Orin oko àwọn òyìnbó ni, tí wọ́n fi fèrè àti ẹ̀rọ oníná lù. Lára àpò kan, igi kan la ojú láàárín ewé. Lára òmíràn, àwọn onírun gígùn jókòó ti àgùntàn. Baba ní ọ̀rẹ́ àwọn máa ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá tó bá ń gbọ́ wọn.

Giramafóònù wà nílé Baba. Síbẹ̀, wọn kò gbé ìkankan sí i rí.

"Baba, ẹ jẹ́ ká gbọ́ onígi yìí."

"Àmánà ni. Ó ní kí n tọ́jú wọn. Kò ní kí n gbọ́ wọn."

Ìyá tó ń ta wàákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, lẹ́nu ọ̀nà kì í lè dákẹ́. "Haba, Baba! Ẹ ń fọ àwo tí ẹ kò jẹun nínú rẹ̀! Etí yín mà ń di o. Ìgbà wo lẹ fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Tí ẹni tó ni ín bá dé."

Òótọ́ ni, etí wọn ń di. Ó dé ibi tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni Baba fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ń lọ dáadáa.

Lọ́dún tí mo wọ sẹ́kọ́ńdírì, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ náà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú. Èmi ni mo kígbe iṣẹ́ tó jẹ́ sí Baba létí: "Ọ̀rẹ́ yín ní tiyín ni àwọn àwo náà! Kí ẹ máa gbọ́ wọn!"

Baba kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ṣé ẹnu rẹ̀ lo ti gbọ́ ọ?"

Ó kúnlẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Baba gbé onígi sórí ẹ̀rọ, wọ́n sì tẹ́ ọwọ́ lé àpótí rẹ̀ bí ẹni ń yẹ aṣọ wò. "Nǹkan ń gbọ̀n. Kí ni?"

"Fèrè ni!"

"Irú fèrè wo? Sọ ọ́ dáadáa."

Mo tún tẹ́tí. "Ó ń mí kó tó dún. Obìnrin kan ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń pọn omi, tí kò mọ̀ pé èèyàn ń gbọ́ òun. Nǹkan kan ń kùn nísàlẹ̀, bíi wáyà lára òpó iná."

"Ẹ̀hẹ́n." Baba di ojú, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́ gbogbo páálí náà kí ọyẹ́ tó lọ.

Gumani, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà, ni mò ń gbé báyìí. Orin tí ọmọbìnrin mi ń gbọ́ lórí fóònù, ẹ̀rọ ni látòkè délẹ̀. Ó máa ń bi mí pé, "Mama, ṣé ó dùn?" Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń retí. Ṣùgbọ́n mo máa ń tún tẹ́tí kí n tó fèsì. Baba ni mo máa ń rántí: n kò lè kàn sọ fún wọn pé ó dùn, kó parí síbẹ̀.