Kẹ́tù Àlùwàlá àti Agogo Ìyá Ìkòròdú

Agogo tún jí mi láàárọ̀ òní, ní àdúgbò Agric níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ajíhìnrere kan ló máa ń gba àdúgbò wa kọjá ní ìdájí, agogo lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ òsì, á máa kìlọ̀ ọ̀run àpáàdì fún àwa tí a ò tíì bọ́jú. Mo gbọ́ tí Àlhájà, aládùúgbò mi, pòṣé lójú fèrèsé rẹ̀: “Ṣé wọn ò ní jẹ́ ká sinmi ládùúgbò yìí ni?” Mo rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbà mi máa ń sọ ní Ẹ̀pẹ́ gan-an nìyẹn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi ògiri gíga pààlà, ẹ ò lè mọ bí ilé wa ṣe rí. Etí ọ̀sà ni. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, òórùn ẹja yíyan àti àwọ̀n tútù ló máa kí yín káàárọ̀. Mùsùlùmí ni gbogbo wa, àfi Ìyá Ìkòròdú, opó kan tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá láti Ìpakodò ní Ìkòròdú, tí wọ́n kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọkọ kú, àwọn ọmọ lọ, Ìyá ò padà sílé. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, á mú agogo idẹ kékeré kan jáde, èyí tí ọkọ rẹ̀ rà fún un lọ́jọ́ tí Ìyá ṣèrìbọmi, á sì máa wàásù Jésù láti ojúlé dé ojúlé. Bàbá àgbà, apẹja tí orúnkún ti dá dúró sílé, kórìíra agogo yẹn. Tó bá bú Ìyá tán, Ìyá á kúnlẹ̀ kí i pé, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” agogo á tún dún bó ṣe ń kúnlẹ̀, inú Bàbá á tún ru.

Lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Àwọn kànga wa gbẹ, èyí tí ò gbẹ níyọ̀ lẹ́nu. Ti Ìyá Ìkòròdú nìkan ló ṣì dùn, ó sì jìn débi pé ọ̀dọ́ gan-an á mí hẹlẹhẹlẹ kí korobá tó gòkè. Síbẹ̀, láràárọ̀, tí àwọn arúgbó ilé wa bá jáde láti ṣe àlùwàlá, wọ́n á bá kẹ́tù wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ti kún. Bàbá àgbà rò pé ìyá mi ni. Ìyá mi rò pé ìyàwó àbúrò Bàbá ni. Bàbá kàn ń ṣàdúrà: “Ẹni tó ń ṣe èyí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ láyé àti lọ́run.”

Èmi ni mo rí i. Mo jáde lọ tọ̀ lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó pe ìrun, mo sì rí Ìyá Ìkòròdú tó lóṣòó ti kẹ́tù Bàbá, tó ń rọ omi sí i. Agogo wà lábíyá rẹ̀. Ó ti ki àkísà sí i lẹ́nu kó má baà dún. Ó fi ìka lé ètè, ó kọjá sí kẹ́tù tó kàn. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù rere. Títí dòní, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àkísà ẹnu agogo yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Mo sọ fún Bàbá. Ó gbé kẹ́tù rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá. “Omi Ọlọ́run ni,” ló wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń ròyìn Ìyá káàkiri etí ọ̀sà, ìròyìn náà sì dé ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá. Bàbá ìjọ, olórí ṣọ́ọ̀ṣì náà, bínú. Ó ní ẹni tí àwọn rán pé kó lọ wàásù, omi ìjọsìn ẹlẹ́sìn mìíràn ló ń pọn. Kó fi omi sílẹ̀, tàbí kó fa agogo lé àwọn lọ́wọ́, kó má wàásù mọ́. Ìyá di agogo ọkọ rẹ̀ sínú gèlè, ó lọ fà á lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn kẹ́tù kún. Agogo ò dún.

Ẹ wá wo Bàbá tó ń bú agogo, kò lè sinmi mọ́. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa wo ọ̀nà ilé Ìyá. “Ẹnu mi ló kó bá a,” ló ń wí. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí láyé rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ síwájú. Orin dá. Ìyá Ìkòròdú bojú lórí ìjókòó.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún obìnrin yẹn ní agogo rẹ̀,” ni Bàbá wí. “Òun ló ń pọn omi tí mo fi ń kírun. Ó yẹ kí n gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.”

Bàbá ìjọ wo ẹsẹ̀ lásán Bàbá àgbà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó lọ gbé agogo wá.

Inú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni Bàbá kú sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí agogo bá ti dún, á jókòó gbọ́ Ìyá dé ìparí, á ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Èmi ni mo di onígbàgbọ́. Ẹ má bi mí ìwàásù tó fà mí. Mi ò rántí gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Kẹ́tù ni mo rántí.

Wọ́n ti dí kànga yẹn. Kálukú ti gbẹ́ bọ́ọ̀hólù sínú ọgbà, ó ti ti géètì mọ́ ọn. Mi ò bá ọmọkùnrin ìdájí yìí jà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì ń gbìyànjú. Ó kàn ń wù mí láti bi í pé, kẹ́tù ta lo rọ omi sí kó o tó jáde? Ṣùgbọ́n ta ni mí tí mo ń bi í? Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀rọ omi Àlhájà ti bàjẹ́, mo sì mọ̀. Mo dìde, mo pọn omi kún korobá, mo lọ kan géètì rẹ̀.