Eléyín àti Orin Tí Kì Í Parí

Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Eléyín, ó tọ́, ó sì yẹ, kí tọmọdé tàgbà kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í jẹ́ kí orin parí. Bí orin bá ti ń múra àtiparí, tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ọwọ́ Eléyín á ti débẹ̀, á pa á, á sì fi òmíràn sí i. Kò kórìíra orin. Kò sì kánjú lọ síbì kankan. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ìyàwó rẹ̀ ti ń bi í pé kí ló fà á, èsì kan náà ló sì ń gbà: "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Àwọn wo ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sọ.

Eyín àtọwọ́dá ni Eléyín ń ṣe. Dókítà eyín á wọn ẹnu aláìsàn, á fi àwòṣe rẹ̀ ránṣẹ́, Eléyín á sì jókòó sí yàrá iwájú ilé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa to eyín sínú ìda lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ náà gba sùúrù, sùúrù tirẹ̀ sì gba orin. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kan fi wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, láàárín ike ìda àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ méjì tí wọ́n fi ẹfun mọ. Orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Orúkọ tó ń sọ wọ́n ni ìṣòro. Èmi àti ẹ̀yin, orúkọ olórin la ó kọ, tàbí orúkọ orin. Eléyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe eyín fún lọ́jọ́ tí orin náà kọ́kọ́ wọ kọ̀ǹpútà ló ń kọ, pẹ̀lú iye eyín onítọ̀hún. "Ìyá Aláṣọ, ìsàlẹ̀ méjì." "Adájọ́, òkè gbogbo." "Awakọ̀ tó ń bínú, òkè kan." Bí ẹ bá bá a níbi tó ti ń mi èjìká lórí àga, tí ẹ ní orin wo ló dùn tó báyìí, á dá yín lóhùn láìrẹ́rìn-ín pé, "Adájọ́ ni." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń rántí. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì ń rántí lóòótọ́.

Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù.

"Àbúrò mi, orin Bàbá ńkọ́?"

"Ó wà, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Níbo?"

"Nínú kọ̀ǹpútà."

"Mo mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ló wà. Èmi náà wà nínú ayé. Ibo nínú kọ̀ǹpútà?"

Eléyín wo kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ń wò ó. "Ẹ má dààmú, mà."

"Àwọn tó bá ní kí n má dààmú ló máa ń kó mi sí wàhálà. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ohùn bàbá mi ni mo fẹ́ gbọ́ o, kì í ṣe àlàyé. Mo ti fẹ́ẹ́ gbàgbé bó ṣe ń dún."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló jẹ́ kí Eléyín gbé ayùn kékeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá wọn, tó ti di olóògbé, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé nígbà ayé rẹ̀. Ó ní orin kan tó fúnra rẹ̀ ṣe, nípa ewúrẹ́ aládùúgbò kan tó jẹ ìwé ìpè tí ọ̀gá ilé-ìwé kọ sí òbí. Ó kọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn pé kí àbúrò òun gbà á sínú kọ̀ǹpútà, kí ó má baà bàjẹ́. Àbúrò gbà á. Ó wá gbé kásẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ ibi tí àjà ilé ti ń jò, òjò sì parí ìyókù. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù láyé, orúkọ oníbàárà kan ló sì ń jẹ́. Oníbàárà wo? Ibẹ̀ ni Eléyín kú sí.

"Ètò kọ̀ǹpútà tó ń to orin ni kí o wá," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ibi tí orí rẹ dé yìí, kò lè dá a ṣe mọ́."

Ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Aládùúgbò rẹ̀ kan wà tó jẹ́ alábòójútó ilé-ìkàwé, ọkùnrin tó jẹ́ pé nípa gíga ló fi ń to bàtà rẹ̀. Òun mú ètò kan wá, ó ní kò sí irú rẹ̀. Ọmọbìnrin Eléyín náà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, fi òmíràn ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ní tàwọn ará ilé-ìkàwé ti di ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n Eléyín ní òfin iṣẹ́. Àwọn aṣe-eyín kì í fi eyín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìkọ́kọ́ fi ìda dán an wò. Wọ́n á to eyín sínú ìda, oníbàárà á fi í sẹ́nu, wọ́n á ní kó ka ení, èjì, títí dé ogún. Bí ó bá dé ẹ̀fà tí ẹnu ń súfèé, wọ́n á tún un tò. Ìda ṣeé yọ́. Eyín tó ti gan kò ṣeé bẹ̀. Nítorí náà, Eléyín da ogójì orin kọ, ó kó ẹ̀dà wọn sínú fódà kan, ó sì sọ fódà náà ní "Ìda." Ètò tó bá fẹ́ rí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, kó kọ́kọ́ ka ení dé ogún níbẹ̀.

Ti alábòójútó ló kọ́kọ́ wọlé. Kò lò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi kó gbogbo orin kúrò níbi tó bá wọn, tó pín wọn sí fódà fódà, tó nu orúkọ tí Eléyín sọ wọ́n dànù, tó kọ orúkọ olórin sí i. Èyí tí kò mọ olórin rẹ̀, ó kó wọn pọ̀ sójú kan, ó pe gbogbo wọn ní "Àìmọ̀." Nínú ogójì orin, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló di Àìmọ̀.

"Ẹ wo bó ṣe mọ́ tónítóní!" ni alábòójútó wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó.

"Ó mọ́," ni Eléyín wí. "Ó mọ́ bí ilé tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ wò. "Ìyàwó Tuntun lèyí. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Mo tún ilé ìdáná ìyá rẹ tò lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá ṣíbí."

Wọ́n nu Ìyàwó Tuntun kúrò, wọ́n fi ti ọmọ sí i. Èyí yàtọ̀. Kì í wo orúkọ. Ohùn orin gan-an ló ń tẹ́tí sí, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó kọ ọ́, àti ohun tí orin dá lé lórí. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọjọ́ yẹn, Eléyín gbàgbé iṣẹ́. Ó fa àga súnmọ́ ọn, ó ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé "Adájọ́, òkè gbogbo," tó ti ń mi èjìká sí láti ọdún mẹ́jọ, orin ìdágbére fún òkú ni.

"Ṣé ìwọ náà mọ̀?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Mo rò pé o mọ̀," ni ìyàwó dáhùn. "Mo rò pé o ò fẹ́ràn Adájọ́ náà ni."

Orin kejìdínlógún ló tú àṣírí. Kì í ṣe orin rárá. Ẹ̀rọ tí Eléyín fi ń lọ eyín ni, tí kọ̀ǹpútà ṣèèṣì gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ètò náà tẹ́tí sí i, ó ronú, ó sì kéde pé ẹgbẹ́ olórin márùn-ún kan láti òkè òkun ló kọ ọ́. Ó tilẹ̀ fi àwòrán wọn sí i. Eléyín pe ọmọ rẹ̀.

"Dádì, ó lè jẹ́ pé ohùn wọn jọra ni."

"Ti àwọn wo? Ti àwọn márùn-ún yìí àti eyín ìyá arúgbó?"

"Ẹ kàn lè yí ìyẹn nìkan padà, Dádì."

"Ẹni tí kò lè sọ pé òun kò mọ̀, ọmọ mi, a kì í fi ilé sílẹ̀ fún un." Ó sọ ètò náà ní Mo-mọ̀-tán. Ó ro ohun tí Mo-mọ̀-tán yóò pe bàbá òun, ó sì nù ún kúrò.

Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló wá a rí. Ó burẹ́wà. Àwọ̀ eérú ni, kò sí àwòrán, kò sí ọ̀ṣọ́, ìlà àti ìlà ló kún un: orúkọ tí ẹ sọ orin, bó ṣe gùn tó, ọjọ́ tó wọlé, irú orin tó jẹ́ bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, àti iye ìgbà tí ẹ ti gbọ́ ọ parí. Kò gbé nǹkan kan kúrò níbi tó wà. Kò tún orúkọ ẹnikẹ́ni sọ. Eléyín dán an wò lórí Ìda, ó lọ wo fódà náà, ogójì orin jókòó bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ó ka ení dé ogún, kò súfèé.

"Ṣùgbọ́n kò tún nǹkan kan ṣe!" ni alábòójútó figbe ta.

"Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn." Ó pè é ní Má-fọwọ́-kàn-án, ó sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án hàn án.

Ó dáa, a ti yan ètò. Bàbá ńkọ́? Ọjọ́ tó wọlé kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà yìí, tí wọ́n kó gbogbo orin wá sínú rẹ̀ láti inú ti àtijọ́, ni gbogbo wọn jọ ń jẹ́. Gígùn ló kù. Ẹ̀gbọ́n ti ní orin náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Eléyín ní kí Má-fọwọ́-kàn-án to orin bí wọ́n ṣe gùn sí. Àwọn tó wà níwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó. Láti àárọ̀ Jímọ̀ ló ti ń tọ́ wọn wò lẹ́nu-lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ewúrẹ́ kankan kò sí níbẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé, Ẹ̀gbọ́n wọlé. Kò tíì jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ rin ìrìn rere? Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín. Ojú ọ̀nà ńkọ́?"

"O ò tíì rí i," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Eléyín wolẹ̀. "Mi ò tíì rí i, mà. Orúkọ ẹni tí mo ń ṣe eyín fún lọ́jọ́ yẹn ló ń jẹ́, mi ò sì rántí ẹni náà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Ẹ̀gbọ́n á pariwo, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó wo àga oníbàárà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wò ó títí. "O rán bàbá wa lọ jókòó sẹ́nu ẹni ẹlẹ́ni. Ó dáa." Ó tún wo àga náà. "Ọjọ́ tí mo gbé kásẹ́ẹ̀tì wá, ọkùnrin kan jókòó síbí. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Àpótí dúdú kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ní kí ló wà nínú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó ṣí i hàn mí. Fèrè idẹ ni."

"Afunfèrè!" Eléyín fò dìde, ìda bọ́ sílẹ̀. "Òkè mẹ́rin!"

Ó tẹ orúkọ náà sínú Má-fọwọ́-kàn-án. Mẹ́ta ló jáde, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún eyín ọkùnrin náà ṣe. Ó ń ráhùn pé ó ń jo afẹ́fẹ́. Méjì nínú rẹ̀, Eléyín ti tọ́ wọn wò lánàá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ẹ̀kẹta.

"Orin Bàbá kò gùn tó bẹ́ẹ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ kúkú jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́," ni ìyàwó wí.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kọ́kọ́ ń hó ṣáá. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wú ikọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ewúrẹ́, pẹ̀lú ohùn tó há díẹ̀ lókè, tó ń dúró mí láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga oníbàárà. Ètè rẹ̀ ń bá orin lọ, kò jẹ́ kí ohùn jáde, kó má baà bo ti bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ewúrẹ́ jẹ ìwé tán. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọwọ́ Eléyín dìde fúnra rẹ̀, ó ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n gbá a. "Jẹ́ kó parí!"

Orin parí. Ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé yẹn nìyẹn. Wọ́n gbọ́ híhó díẹ̀, ohùn bàbá sì tún dé. "Ó ti parí kí o tó pa á! Mo ní kí o máa pa á kó tó parí. Báyìí ni ẹ̀rọ ṣe ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì."

Ohùn ìyá wọn dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. "Bọ́tìnnì wo?"

"Èyí pupa."

"Pupa kọ́. Pupa lo tẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé èmi ni wàá kọ́ ní ẹ̀rọ?"

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fi jà. Eyín Afunfèrè ló gba ọkàn Eléyín lọ́jọ́ tó ń gbà á sínú kọ̀ǹpútà; ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, ó sì gba ìjà náà tinú-tẹ̀yìn. Ìyàwó Eléyín tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nìyí!" Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i.

Wọ́n tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án orin, òdo ni Má-fọwọ́-kàn-án kọ síwájú gbogbo wọn ní abẹ́ iye ìgbà tí ẹ gbọ́ ọ parí, àfi Afunfèrè, òkè mẹ́rin, tí ó kọ mẹ́rin sí. Ẹ̀gbọ́n fi dandan lé e pé kí wọ́n má ṣe yí orúkọ náà padà, kó má baà tún sọnù. Àyè kan ṣoṣo ló kù tó ṣófo, èyí tí a ń kọ irú orin sí. Ẹ̀gbọ́n ní "Bàbá" ni kí wọ́n kọ, ìyàwó ní "Ìjà" ni, alábòójútó sì ń tú ìwé kan títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Orin ewúrẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, bọ́tìnnì pupa ìṣẹ́jú mẹ́jọ: ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, irú orin wo la ó pe ìyẹn?