Ìgbóná Kọ̀ǹpútà Baba Kàáwò

Kò sí ẹni tó ń pe ọkùnrin náà ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Kàáwò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ibi iṣẹ́ ló sì ti gba orúkọ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró lẹ́nu ààrò ní ilé búrẹ́dì. Aago tó ń ka ìgbóná ààrò ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tún un ṣe títí tó fi kúrò. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á bu ìyẹ̀fun díẹ̀, á fọ́n ọn sí ilẹ̀ ààrò, á sì máa kà. Bí ìyẹ̀fun bá pọ́n kó tó ka mẹ́wàá, iná ti pọ̀ jù. Bó bá ka ogún tí kò tíì pọ́n, kí wọ́n kó igi sí i. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni búrẹ́dì ń wọlé. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ààrò, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbóná o," èsì kan náà ló máa gbà: "Kà á wò."

Orúnkún ló mú un fẹ̀yìn tì. Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wó ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó gbé maṣínnì rẹ̀ wá sí pálọ̀. Kàáwò wà ní igun kan, maṣínnì wà ní igun kejì. Láàárín wọn ni kọ̀ǹpútà kan wà, àpótí dúdú ńlá tó ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọmọbìnrin wọn fi sílẹ̀ fún wọn nígbà tó ra tuntun. Odindi oṣù mẹ́rin, fìlà ni Kàáwò ń gbé lé e.

Àbúrò rẹ̀ ló jẹ́ kó gbé fìlà kúrò.

Òkèèrè ni Àbúrò ń gbé. Nígbà tí ìyá wọn kú, kò dé títí wọ́n fi sin ín. Ó pe fóònù lọ́jọ́ ìsìnkú, ó ń ṣàlàyé pé ọkọ̀ òfurufú ò tíì gbéra. Kàáwò ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó gé fóònù mọ́ ọn létí. Kò pè é padà, Àbúrò náà ò sì pè mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó jọ sùn lórí ẹní kan títí wọ́n fi hu irùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin wọn wá kí wọn, ó ní, "Bàbá, Bàbá Kékeré máa ń ṣe géèmù ọkọ̀ ìsáré ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ jókòó síbí." Ó gbé sítíárìn lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí i létí, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ọkọ̀ Àbúrò pupa, ti Kàáwò ní àwọ̀ ewé. Sátidé àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ìkejì náà lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà kan, ohùn kan dún sí i létí.

"Bọ̀dá, bíréèkì yẹn ò ṣẹ̀ yín o."

"Wo iwájú ẹ," ni Kàáwò wí.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ni Àbúrò ń nà án, tó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kọ̀ǹpútà Kàáwò ló lọ́ra. Bó bá ti dé kọ́nà tí ọkọ̀ pọ̀ sí, àwòrán á máa fò, nígbà tó bá fi máa tún là, Kàáwò ti wà lára ògiri. Ó lọ bá Oníkọ̀ǹpútà, ọkùnrin tó ń tún wọn ṣe ní orígun òpópónà.

"Prósẹ́sọ̀ yín ni, Bàbá. Òun ni ọpọlọ rẹ̀," ni Oníkọ̀ǹpútà wí. "A lè mú kó sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n á gbóná o. Bó bá kan ọgọ́rùn-ún dígírì, á pa ara ẹ̀ kó má baà jóná."

Kàáwò wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Èmi lo wá ń sọ ọ̀rọ̀ gbígbóná fún?"

Oníkọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe é hàn án.

Eré prósẹ́sọ̀ náà jẹ́ mẹ́ta pọ́ìǹtì mẹ́fà. Kàáwò sọ ọ́ di mẹ́ta pọ́ìǹtì méje, ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó sì fi pẹ́ńsù kọ ìgbóná rẹ̀ sínú ìwé ọmọléèwé kan. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ́ di mẹ́ta pọ́ìǹtì mẹ́jọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ta kú, á fi bíńtín kún agbára iná tó ń wọ inú prósẹ́sọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi dé mẹ́rin pọ́ìǹtì mẹ́rin. Ìgbóná kúrò ní mẹ́rìndínláàádọ́rin dígírì, ó dé méjìdínlọ́gọ́rin. Kàáwò dúró níbẹ̀. Ọgọ́rin ni ààlà tó fún ara rẹ̀.

Ní Sátidé, ó na Àbúrò. Igbe tó ké pọ̀ débi pé abẹ́rẹ́ gún ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé, Bàbá wọn? Ṣé orí yín dàrú ni?"

"Mo nà án!"

"Ẹ na ta?"

"Àbúrò mi!"

Ìyàwó rẹ̀ ki ìka bọ ẹnu. "Ọkùnrin yẹn" ni ọkọ rẹ̀ ń pe Àbúrò láti ọdún mẹ́sàn-án wá.

Ní Mọ́ńdè, Kàáwò ṣí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ nù ún. Orí prósẹ́sọ̀ ni irin kan wà tí ewé rẹ̀ tò bí eyín òòyà. Òun ló ń gba ooru, tí fáànù sì ń fẹ́ ooru náà dànù. Òwú aṣọ ti kún àárín eyín rẹ̀: pupa, búlúù, àti òwú aláwọ̀ wúrà ti aṣọ ìgbéyàwó kan.

"Ìyá wọn, aṣọ rẹ fẹ́ pa kọ̀ǹpútà mi."

Ìyàwó rẹ̀ ò dáhùn. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé bí èèyàn bá fẹ́ kí i, kó yáa wá àga jókòó ni. Ó yẹ kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti ya Kàáwò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òwú ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n. Nígbà tó di Wẹ́sídè, ó lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, eré dùn. Nígbà tó yá, Àbúrò mí kanlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, lọ́jọ́ tí wọ́n sin Màámi yẹn, mo..."

Pàù. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Nígbà tí Kàáwò fi rí i tàn padà, Àbúrò ti lọ. Sátidé kejì, Àbúrò tún gbìyànjú. "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn, nígbà tí Màámi..." Pàù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ kejì tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi dé sórí fóònù Kàáwò: "Ẹ tún gé e mọ́ mi létí. Ó dáa. Mo ti gbọ́."

Kàáwò fi ìka kan tẹ èsì: "Kọ̀ǹpútà ló kú."

Èsì padà wá: "Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà yín mà gbọ́n o. Ọ̀rọ̀ Màámi nìkan ló ń pa á. Mo máa wá síbi géèmù ní Sátidé tó ń bọ̀. Bó bá tún kú, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. "Ẹ ò ṣe kúkú pè é lórí fóònù?"

"Orí fóònù ni mo ti gé e lákọ̀ọ́kọ́," ni Kàáwò wí.

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ìgbà méjèèjì, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni kọ̀ǹpútà fi dé ọgọ́rùn-ún dígírì. Ogójì ìṣẹ́jú náà ni Àbúrò fi ń wá ìgboyà. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ooru ni.

Ní Mọ́ńdè, ó yọ irin eléyín òòyà náà, ó nu ọ̀rá àtijọ́ tó ń gbé ooru láti ara prósẹ́sọ̀ wọ inú irin náà kúrò, ó fi tuntun sí i, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Ó dán an wò: mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún dígírì ní ogún ìṣẹ́jú. Ní Túsìdè, ó gbé e lọ bá Oníkọ̀ǹpútà.

"Ẹ dín eré ẹ̀ kù, Bàbá."

"Kí Àbúrò tún máa nà mí?"

"Èwo lẹ fẹ́ nínú kẹ́ẹ na Àbúrò àti kẹ́ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀?"

Kàáwò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bínú lọ sílé. Ọjọ́ méjì ló fi bínú. Ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdè, ó dá eré náà padà sí mẹ́ta pọ́ìǹtì mẹ́fà, bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún dígírì.

Ó wo ìwé. Ní eré yìí kan náà, mẹ́rìndínláàádọ́rin ló wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá tuntun, eré kékeré, fáànù ń hó bí ìkòkò, síbẹ̀ dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló lé. Nǹkan kan ò bára mu.

Ní àárọ̀ Fúráìdè, ó gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí ooru ń gbà jáde, ó sì ń kà. Ó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Atẹ́gùn tó ń jáde gbóná, ṣùgbọ́n kò lágbára, bí èémí ẹni tó ń sùn. Ó rántí ààrò. Bí inú ààrò bá gbóná janjan, tí èéfín ò sì jáde dáadáa lókè, ẹnu ààrò lèèyàn ń lọ wò. Atẹ́gùn ò rí ọ̀nà wọlé ni.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ nìkan ló máa ń ṣí láti ọjọ́ yìí. Ó fa ojú iwájú kọ̀ǹpútà, ojú náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Aṣọ dúdú kan ló wà níbẹ̀, ó bo fáànù méjì tó ń fa atẹ́gùn wọlé. Aṣọ líle tí télọ̀ ń fi sínú kọ́là kóòtù ni. Wọ́n ti ká etí rẹ̀, wọ́n rán an yíká láìsí ibi tó wọ́, wọ́n sì ṣe ojóbó kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè kọ́ sórí nọ́ọ̀tì. Kàáwò mọ ọwọ́ tó rán an. Ọwọ́ náà ló rán gbogbo ṣòkòtò tó ní.

Ariwo maṣínnì ti dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá wọn."

"Mò ń gbọ́."

"Kí lèyí?"

"Ẹ ní aṣọ mi fẹ́ pa kọ̀ǹpútà yín. Mo wá fi aṣọ dí ọ̀nà mọ́ aṣọ."

"Ìlọ́po mélòó ni?"

"Méjì. Ṣé mo máa ń ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni?"

"O ò ṣe. Ibẹ̀ ló ti ń mí, lo bá bò ó nímú."

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó wo aṣọ náà, ó wo kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ sì padà sí i lọ́kàn. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Ṣé èmi ni mo wá ń pa Àbúrò lẹ́nu mọ́?"

Kàáwò ti kó èébú jọ láti Mọ́ńdè fún ẹnikẹ́ni tó bá ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́. Ó wá a, kò rí ọ̀kan. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ojóbó kékeré náà. "Iṣẹ́ rẹ ló dára jù," ni ó wí. "Òwú kan ò wọlé."

Obìnrin náà ti wọ yàrá lọ. Ó mú sítọ́kìn fẹ́lẹ́ àtijọ́ kan bọ̀. "Èyí ńkọ́?"

Kàáwò na sítọ́kìn náà síwájú ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn gbà á kọjá sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí ìyàwó òun rán an. Ó rán an, ìlọ́po kan, ojóbó mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Mẹ́tàdínláàádọ́rin. Dígírì kan péré ni sítọ́kìn náà fi kún un.

Kàáwò ṣírò. Bó bá dá eré padà sókè, mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni yóò jẹ́. Kò kọjá ààlà. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ó yọ ọwọ́ kúrò, ó tún fọwọ́ kàn án. Nígbẹ̀yìn, ó pa ìwé dé, ó sì fi eré sílẹ̀ níbi tó wà.

Sátidé dé. Ní aago mẹ́rin, àwòrán tún ń fò ní gbogbo kọ́nà, Kàáwò sì ń já lu ògiri.

"Bọ̀dá, ṣé rédíò lẹ fi ń wakọ̀ lónìí ni?"

"Máa rẹ́rìn-ín."

"Àbí ẹ ti tà á, ẹ wá ń lo ti aládùúgbò?"

"Máa rẹ́rìn-ín, mo ní."

Ìdajì wákàtí kọjá. Ogójì ìṣẹ́jú pé. Mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ọkọ̀ pupa rọra ń lọ níwájú. Ìyàwó Kàáwò ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣínnì. Kàáwò páàkì ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn yòókù ń fò kọjá lára rẹ̀.

"Àbúrò," ni ó wí, "kò ní kú lónìí. Sọ ọ́."

Ọkọ̀ pupa dúró. Ó yí padà, ó wá páàkì sẹ́yìn rẹ̀.

"Mo wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ náà," ni Àbúrò wí. "Báàgì mi wà lẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tẹ́ẹ gé fóònù, mo ṣì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Wọ́n wá ní kí á wọlé, mi ò wọlé. Mo ní, ojú wo ni mo máa fi wò yín? Mo padà sílé. Mi ò sọ fún ẹnì kankan rí."

Kàáwò ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọkàn rẹ̀ kó tó lè la ẹnu.

"Ti kọ̀ǹpútà," ni ó wí, "aṣọ ni. Ìyàwó mi ló rán an, màá ṣàlàyé fún ẹ. Ti fóònù, èmi ni. Èmi ni mo gé e. Kò yẹ kí n gé e."

Àbúrò fọn imú. Ó ní, "Mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀."

"Ibo lo ń lọ?"

"Bọ̀dá! Ibo lẹ rò?"

Kàáwò ò tíì dáhùn tí ìyàwó rẹ̀ fi tẹ orí sẹ́nu ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ náà láti ẹ̀yìn, téèpù ìwọ̀n ti wà lọ́rùn rẹ̀. "Ọkọ mi kékeré! Èjìká yín ṣì jẹ́ méjìdínlógún ni, àbí ẹ ti sanra?"

"Ó ti di ogún o, ìyàwó wa."

"Àti gígùn ṣòkòtò ńkọ́?"

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé Kàáwò ló kọ ọ́ sí, sábẹ́ ìlà Sátidé níbi tí ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ́ pé: mẹ́tàdínláàádọ́rin, wákàtí kan, kò kú.