Kọ́bọ́ọ̀dù Alájì àti Fíìmù Tí À Ń Yá Ènìyàn

Alájà Sínótù kò kí wa kó tó ju fíìmù náà sórí káńtà. Ẹni tó bá mọ Alájà mọ̀ pé tó bá ti wọlé láìkí ènìyàn, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí obìnrin tó máa ń kí ajá tó bá sùn sẹ́nu ọ̀nà ni.

"Ìyá Fàtí, gba fíìmù yín o! Ó ti tú ìgbéyàwó ọmọ mi ká."

Mo ń fún Fàtí lọ́mú lọ́wọ́. Mo fi aṣọ bo àyà, mo wo páálí fíìmù náà. Ìtàn ìyàwó ilé kan tó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ni. Gbogbo ẹni tó ti yá a ló yìn ín.

Mo ní, "Ṣé ó ń há ni, mà?"

"Ìbá há! Ìbá sàn kó há. Kò há rárá. Múlí ti kọ́ gbogbo ẹ̀ sórí!"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Ṣọ́ọ̀bù fíìmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kokomlemle, nílùú Ákírà ní Gánà, láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé girama. À ń tà, à sì ń yá ènìyàn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ákírà bíi tèmi ni Màdáámù tó ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo mú síìdì kan, mo ń fi aṣọ nù ún yípo yípo. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Ṣé àwo ọbẹ̀ ni? Láti àárín bọ̀ sí etí ni wọ́n ń nù ún. Tí o bá nù ún yípo, o ti ha á nìyẹn."

Òun náà ló kọ́ mi pé oríṣi fíìmù méjì ló wà láyé. Èyí tó ń ti ilé dé ilé, tí kì í sinmi lórí pẹpẹ wa, àrìnká ni Màdáámù ń pè é. Èyí tó jókòó tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, ajókòó lorúkọ tiẹ̀. Fíìmù ìjà ìyáálé àti ìyàwó, àrìnká ni. Fíìmù tí tọkọtaya ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, tí ọmọ ń kúnlẹ̀ kí òbí, ajókòó ni, eruku á bò ó títí Màdáámù á fi bínú, á sì fi tọrọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ará àdúgbò wa, ẹ má béèrè lọ́wọ́ àlùfáà wọn. Èmi ni kí ẹ wá bá.

Tí àrìnká bá sì ti dé, a gbọ́dọ̀ wò ó kí ẹni tó mú un wá tó jáde: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, ìparí. Nígbà tí gbogbo ayé ti ń wo fíìmù lórí fóònù yìí náà, àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn ò gba fóònù ṣì ń wá, àwọn ìyá tó fẹ́ jókòó pẹ̀lú ọmọ wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n náà ń wá. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: ṣé kí àwọn máa rà á kó jọ ni, àbí kí àwọn máa yá a?

Alájì, ọkọ Alájà Sínótù, kì í béèrè. Ó ti ní ìdáhùn tiẹ̀. Táyà ló ń tà ní Kaneshie, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá sì ti kírun tán, á ya ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kiri fíìmù lẹ́bàá ibùdókọ̀, á rà. Kì í rà lọ́dọ̀ wa, nítorí a máa ń já ọ̀rá ara fíìmù ká tó tà á, ká lè fi han oníbàárà pé ó ń ṣiṣẹ́. Alájì ní fíìmù tí wọ́n ti já ọ̀rá ara ẹ̀ ti di àlòkù. Ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ sí mi tó bá ń kọjá.

"Ìyá Fàtí, ẹni tó ń yá fíìmù wò kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń yá ṣòkòtò wọ̀ lọ kí àna."

Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà ní pálọ̀ Alájì, ó kún láti òkè délẹ̀. Ọrùn Alájì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Tí àlejò bá dé, á mú un lọ síwájú gíláàsì náà, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀ bí ẹni ń wo sàréè àgbà. Kò sí ẹni tó ń wo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Alájì, ta ló wá ń wò ó?"

Ó ní, "Ogún ni mò ń kó jọ fún àwọn ọmọ mi."

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Alájà ń ta ọṣẹ ní ọjà Odawna. Tó bá ń darí lọ sílé, á yà lọ́dọ̀ wa, á yá fíìmù, á tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ abọ́, á to ọṣẹ lé e. Báyìí ni fíìmù kan náà ṣe ń wà nílé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú gíláàsì, ọ̀kan lábẹ́ ọṣẹ. Ẹ sọ fún mi, èwo ni ogún níbẹ̀?

Múlí ni àkọ́bí wọn, ó ń ṣe irun. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá máa ń wọ ọ́ létí ni, kì í jáde lẹ́nu. Púpọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí síbí ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá rán an níṣẹ́, Twi, èdè àwọn ará Gánà, ló fi ń dá a lóhùn, inú ọjà sì ni ìyá wà láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló fẹ́ dúró tún un sọ? Ìgbà tí Kámọ́rù, ọmọ Ọ̀fà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ákírà, sọ pé òun fẹ́ ẹ, tí ìyá Kámọ́rù sì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ láti Ọ̀fà wá fojú kan ìyàwó, ni àyà Alájà tó já. Ó sáré wá bá mi.

"Ìyá Fàtí, fún mi ní fíìmù tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀."

Ajókòó kan wà tí ìbá bá a mu, ṣùgbọ́n Màdáámù ti fi tọrọ. Èyí tó kù tí ìyá ọkọ wà nínú ẹ̀ ni èyí tí mo wí yẹn.

Mo ní, "Alájà, ìjà ni wọ́n ń jà nínú eléyìí o."

Ó ní, "Ṣebí Yorùbá náà ni wọ́n fi ń jà á?"

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo dì í fún un.

Ohun tó wá sọ fún wa níwájú káńtà lọ́jọ́ náà rèé. Ìyá Ọ̀fà dé, wọ́n gbé oúnjẹ fún un, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ó wá ní kò sí ìkánjú nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kí Kámọ́rù kan òrùlé ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ ná. Múlí gbọ́ "ìgbéyàwó," ó gbọ́ "Kámọ́rù," kò gbọ́ ìyókù. Ó rò pé àkókò tó kóun náà sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé omi fún ìyá ọkọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní:

"Màmá, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Ẹni tó bá ní n kò ní fẹ́ ọmọ yín, ojú ẹ̀ á rí màbo."

Bó ṣe wà nínú fíìmù gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rín náà wà nínú fíìmù. Ìyàwó inú fíìmù náà kì í sọ ọ̀rọ̀ burúkú láìrẹ́rìn-ín.

Ìyá Ọ̀fà kò gba omi náà. Ó dìde, ó so ìborùn rẹ̀, ó ní, "Kámọ́rù, gbé mi kúrò níbí." Ilé ìbátan wọn ní Kaneshie ló lọ. Ó ránṣẹ́ láti ibẹ̀ pé òun ń padà sí Ọ̀fà lọ́túnla, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ ọmọ náà sóun létí mọ́.

Alájà ṣì ń nu omijé nígbà tí Alájì wọlé. Wọ́n ti sọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà fún un, wọ́n sì ti sọ ohun tó ń kó sábẹ́ ọṣẹ. Ẹ wá wo ayọ̀! Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ń lọ, ọkùnrin náà ń yọ̀ pé òun borí àríyànjiyàn.

"Ṣé ẹ rí i? Mo wí tàbí n kò wí? Fíìmù àyálò! Ká ní inú tèmi ló ti kọ́ ọ ni, ṣé irú èyí á ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ṣé ẹ ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fún un rí?"

Màdáámù húkọ́. Alájì di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú. Ó ní òun máa ṣí i. Fíìmù eré àwọn onítíátà àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ìyàwó tó wà nínú rẹ̀ mọ ènìyàn í kí. Òun á bẹ Ìyá Ọ̀fà kó wá wò ó, kó lè rí i pé ilé ọmọlúàbí ni ilé òun.

Lóòótọ́, ó mú àgbààgbà méjì lọ bẹ ìyá náà lọ́jọ́ kejì. Ìyá ní òun á jókòó díẹ̀, nítorí pé òun fẹ́ràn eré àwọn onítíátà àtijọ́, kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni. Bí Alájì ṣe kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló gbà wá.

"Ìyá Fàtí, bá mi gbé ẹ̀rọ wá sílé."

"Ẹ̀rọ wo, sà?"

"Èyí tí wọ́n fi ń wo fíìmù."

Mo wò ó. Kò ní ẹ̀rọ! Láti ìgbà tó ti ń kó fíìmù jọ, kò ní ohun tó máa fi wo ọ̀kan. Ọkùnrin oníṣòkòtò ara ẹ̀ ti wá yá ṣòkòtò. Mo pọn Fàtí, mo gbé ẹ̀rọ náà sórí.

Nígbà tí wọ́n kí ìrun Àsárì tán, gbogbo wa jókòó ní pálọ̀. Ìyá Ọ̀fà kọ ẹ̀yìn sí Múlí. Alájì bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí gíláàsì, eruku mú wa sín. Ó fi ọ̀bẹ já ọ̀rá ara fíìmù bí ẹni ń dúńbú ẹran iléyá, ó nà án sí mi. Mo fi í sínú ẹ̀rọ. Òkùnkùn. A dúró, a dúró, òkùnkùn biribiri.

"Iná ni," ni Alájì wí. "Iná Ákírà yìí!"

Ó fà á yọ, ó mú òmíràn. Pásítọ̀ kan ló jáde, ó ń pariwo lédè Twi pé ká ronú pìwà dà. Alájì wá fi ara bo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Ẹ̀kẹrin, nígbà tó ṣí páálí rẹ̀, kò tilẹ̀ sí síìdì níbẹ̀, páálí bisikíìtì ni wọ́n gé róbótó sínú rẹ̀ kó lè wúwo. Àwọn tó ń tà á fún un ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣí i. Fíìmù tiwa tí ó ń bú, kò sí ojú tí kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò ní Kokomlemle.

Òógùn bo Alájì. Ìyá Ọ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìborùn rẹ̀ jọ. Mo mọ̀ pé tó bá dìde báyìí, ó parí nìyẹn. Múlí náà mọ̀ ọ́n. Ó fi orúnkún wọ́ títí ó fi dé iwájú ìyá náà.

"Màmá, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́. Èmi... Yorùbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Èyí tí mo sọ ìjọ́sí, inú fíìmù ni. Mo rò pé ó dùn. Mo fẹ́ kí ẹ fẹ́ràn mi. Kò ju ìyẹn lọ."

Ìyá Ọ̀fà wò ó. "Ẹnu ta lo wá fi bá mi sọ̀rọ̀ ìjọ́sí?"

"Ẹnu ìyàwó burúkú inú fíìmù, Màmá."

Ẹ̀rín gbé ìyá náà. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. "Yéè! Èmi ò sùn láti ọjọ́ náà. Mo ní ọmọ yìí ti fẹ́ gbẹ̀mí mi!" Ó wá fọwọ́ lu àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga, ó ní, "Bra. Bra tena ha."

Twi ló sọ yẹn, pé kó wá jókòó síbí. Àṣé Kùmásì ni wọ́n bí Ìyá Ọ̀fà sí. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó wọn padà sílé.

"Nígbà tá a dé Ọ̀fà," ó ní, "ẹnu tèmi náà wúwo. Bí mo bá la ẹnu, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa pè mí ní ará Gánà. Ta ló fi fíìmù kọ́ mi? Ìyá àgbà mi ló mú mi jókòó tì í. Ohun tí mo bá fọwọ́ kàn, àfi kí n dárúkọ ẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìyá ọmọ, bá wa pa nǹkan yìí."

Fíìmù ni mò ń tà jẹ, ṣùgbọ́n n kò pa ẹ̀rọ tayọ̀tayọ̀ bí ìyẹn rí. Ìyá náà gbé ife omi lọ́wọ́. "Kí nìyí?" Múlí ní, "Ife." "Kí ló wà nínú ẹ̀?" "Omi." "Ta lo máa fún?" Múlí gbà á, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá náà mu ún. Kò lọ lọ́túnla tó wí. Ó dúró títí wọ́n fi dá ọjọ́ yìgì.

Alájì ò kọ́ ọgbọ́n kankan. Ó ti gbé àwọn síìdì yẹn sọnù, pẹ́ńdíráìfù ló ń rà báyìí. Ó ní fíìmù tó wà nínú ọ̀kan ju ti kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Mo bi í níbo ló kó wọn sí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ó tì í pa.

Ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè wọn yẹn, èyí tí mo mọ̀ ni mo ń sọ. Tó o bá máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì, rà á, kó o sì já ọ̀rá ara ẹ̀ lójú ẹni tó tà á. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, yá a, má fi eruku ṣe ogún. Lánàá, abiyamọ bíi tèmi kan wọlé, ó fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ fíìmù tó máa kọ́ ọ ní Yorùbá, nítorí àyè ò sí nílé.

Mo gbé ọmọ náà jókòó sórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàtí.

Màdáámù ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá Fàtí, oníbàárà lo ń lé lọ yẹn o!"

"Ẹ má bínú, Màdáámù," ni mo wí. Mo mú ife, mo nà án sí ọmọ náà. "Ọmọ dáadáa, kí nìyí?"